Àtẹ̀gùn Tí Teruhiko Kọ̀ Láti Sọ̀ Kalẹ̀

Ẹni tó ní làákàyè kò ní kọ́lé sórí òkè bíi ti Ishimabe, ìlú wa. Inú òkun la ti ń wá oúnjẹ, orí òkè la ń sùn sí, àtẹ̀gùn òkúta gíga fíofío ló sì so méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà mọ́tò wà lẹ́yìn òkè, ó rọrùn, ó sì dára, ṣùgbọ́n àwọn ará wa kì í fẹ́ gbà á. Wọ́n ní ti àwọn arọ ni. Irú ènìyàn tí mo ń bá gbé nìyẹn.

Isogai Teruhiko ni alálẹ́tà wa. Láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé ló ti ń gbé àpò lẹ́tà gun àtẹ̀gùn yẹn, tó tún ń sọ̀ ọ́, nínú òjò, nínú yìnyín. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, torí èmi ni mo máa ń tún ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ fáíbà ni iṣẹ́ mi. Ihò ni mo ń dí láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì mọ ohun tí ihò tí wọn ò tètè dí máa ń náni.

Nígbà èwe rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a sáré. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ yọ gọńbọ́, àwọn olùkọ́ sì máa ń fi í ṣe ẹni ìkẹyìn nínú eré ìje tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, kó lè lé gbogbo àwọn tó ti ṣáájú bá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ohun méjì ló jogún. Èkíní ni ọkọ̀ tó ti jẹrà, tí mo ní kó tà, tó sì tà. Èkejì ni àyè bàbá rẹ̀ lábẹ́ míkóṣì, ilé òrìṣà kékeré oníwúrà tí à ń gbé léjìká láti ojúbọ lókè wá sí etí òkun nígbà ọdún ìkórè. Iwájú, apá òsì. Ibẹ̀ ló wúwo jù, nítorí bí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ẹrù á wọ́ wá síwájú. Àwọn Isogai ló ń wà níbẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wọn, pátákó orúkọ wọn sì wà lára ògiri ojúbọ. Teruhiko fẹ́ràn àyè yẹn ju iṣẹ́ ìjọba tó ń bọ́ ọ lọ. Èmi ò rí èrè kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èjìká mi.

Olórí ẹgbẹ́ tó ń gbé òrìṣà ni Nagura, tó ń ta ọtí ìrẹsì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ohùn ńlá, ikùn ńlá, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, "ẹ ní kó ṣe ọkàn gírí." Bí ọkọ̀ bá ń jò, "ṣe ọkàn gírí." Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti fi èjìká kan ọ̀pá míkóṣì kẹ́yìn. Fèrè ló ń fọn. Ẹni tó ń fọn fèrè ló sì máa ń mọ bí ẹrù ṣe yẹ kó fúyẹ́ tó.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kò tó nǹkan. Teruhiko kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ó fẹ́ ju lẹ́tà sínú àpótí tí mo kàn mọ́ òkè ilẹ̀kùn mi, ó nàgà, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ibi tó ti ń nà án sí fún ọdún púpọ̀ ni o. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ajá tó kọ̀ láti dìde.

"Ẹ̀gbọ́n Sakae, ẹsẹ̀ mi kọ̀."

"Ó kọ̀ kí ni?"

"Gìgísẹ̀ mi kò fẹ́ kúrò nílẹ̀. Mi ò lè dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́."

Mo ní kó lọ rí dókítà. Dókítà kan wà nísàlẹ̀ nígbà yẹn, arúgbó tó mọ ìtọ́jú òdòdó ju ìtọ́jú ènìyàn lọ. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ Teruhiko wò, ó rí i pé ohun tó yẹ kó wà nínú ẹran ara ti kún inú ẹ̀jẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé àìsàn tó mọ̀ jù lágbègbè wa. "Ẹ̀dọ̀ ni. Jáwọ́ nínú ọtí." Teruhiko kì í mutí. Níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀, tíì ló mu. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Ishimabe ti gbọ́ pé alálẹ́tà ń mutí ní ìkọ̀kọ̀. Wọn ò bi í léèrè. Wọ́n kàn ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀ bó bá mú lẹ́tà wá.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Nagura nígbà tó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Teru! Wá ńbí. Wọ́n ní o ń mutí."

"Mi ò mu, Olórí."

"Èmi náà mọ̀ pé o ò rà á lọ́dọ̀ mi. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Níbo lo ti ń rà á?"

"Mi ò mutí rárá."

"Kí ló wá ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ? Lánàá, ìyá arúgbó Kishi yà ọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá arúgbó! Tòun ti ẹja lọ́wọ́!"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Teruhiko náà rẹ́rìn-ín, torí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni.

"Ọ̀lẹ ló wọ inú iṣan rẹ," Nagura ní. "Mo mọ oògùn rẹ̀."

Oògùn náà ni àpò iyanrìn. Kí Teruhiko máa dì í kọ́ èjìká láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, kó máa gbé e láti ojúbọ sọ̀ kalẹ̀ títí dé etí òkun, bí ẹni pé ó wà lábẹ́ ọ̀pá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rántí iṣẹ́ rẹ̀ kí ọdún tó dé. Ó sì ṣe é. Gbogbo ìgbà ooru ló fi ṣe é. Láti ọgbà iṣẹ́ mi ni mo ti ń wò ó: ó ń di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, Nagura sì jókòó sórí àga nísàlẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà tútù, ó ń ké pé, "Ṣe ọkàn gírí!" Ìyà àti èèpo ẹ̀wà ló kún ibẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é tó ni ẹsẹ̀ náà ń tán tó. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó yọ gọńbọ́ rí ti wọlé, ó ti tẹ́ bíi ti ọmọ tí ebi pa. Ó ń ṣubú. Lẹ́tà ń tú ká, afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ sínú òkun, àwọn ènìyàn sì ń bínú nítorí lẹ́tà. Ìròyìn yìí, wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Nagura, Nagura sì ní kó fi iyanrìn kún iyanrìn.

Mitsue, ìyàwó Teruhiko, ló fòpin sí i. Obìnrin tó ń gé ẹja ní ilé iṣẹ́ ẹja gbígbẹ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣì wọ bàtà rọ́bà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní mọ́tò."

"Mo ní."

"Ìtọ̀ ọkọ mi dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná. Ẹ bá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá."

"Ṣé ó gbà láti lọ?"

"Mi ò tíì bi í."

A gbé e lọ. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n gé ẹran bíńtín nínú itan rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní ká padà wá. Dókítà obìnrin kan, Tsukui, ló pè wá wọlé. Ó kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kó yé wa, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ ká lọ.

"Ta ni bàbá yìí?" ó bi wọ́n.

"Aládùúgbò ni mí. Èmi ni mo ní mọ́tò."

Ó ní kí n jókòó. "Iṣan," ó ní, "okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló kóra jọ di iṣan. Okùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan, ó sì ní awọ tó bò ó, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá ń ṣiṣẹ́, awọ yẹn máa ń ya. Tèmi ń ya. Ti bàbá yìí náà ń ya."

"Tèmi kẹ̀?"

"Lónìí pàápàá, bàbá. Ẹ ò mọ̀ torí pé kì í pẹ́ tó fi ń dí. Kí ẹ tó dìde lórí àga yẹn, ó ti dí."

"Ta ló ń dí i?" Ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́ mi, mi ò lè dákẹ́.

"Omi tó yí sẹ́ẹ̀lì ká ní kálísíọ́mù nínú, èròjà kan náà tó ń mú eegun le. Nínú sẹ́ẹ̀lì, díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. Bí awọ bá ti ya, kálísíọ́mù á rọ́ wọlé, wíwọlé rẹ̀ yẹn gan-an sì ni igbe tó ń pe àwọn aláàtúnṣe. Àwọn àpò wẹ́wẹ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á sáré wá síbi tó ya, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ etí ihò, wọ́n á sì di awọ."

"Àbùlẹ̀ nìyẹn."

"Àbùlẹ̀ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n purotéènì kan wà tó ń jẹ́ kí àpò wọ̀nyẹn lè lẹ̀ mọ́ awọ. Ọ̀gbẹ́ni Isogai kò ní in. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn: bàbá fún un ní ẹ̀dà kan tó bàjẹ́ nínú ìlànà tí ara fi ń ṣe é, ìyá fún un ní ọ̀kan, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀, torí pé ẹni tó ní ọ̀kan tó dáa kì í ṣàìsàn. Tirẹ̀, àpò ń dé, wọ́n ń kóra jọ sẹ́nu ihò, wọn ò lè lẹ̀. Omi ń wọlé ṣáá. Okùn yẹn á kú, ọ̀rá á gba ipò rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níjọ́sí, iṣan ló jò ó jáde. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ohun tí iṣan ń jò jáde náà ló pa ìtọ̀ rẹ̀ dà."

Teruhiko ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mitsue ló sọ̀rọ̀.

"Iyanrìn tó ń gbé ńkọ́, Dókítà?"

Dókítà gbé gègé sílẹ̀. "Iyanrìn wo?"

Mitsue ṣàlàyé fún un. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí.

"Dókítà wo ló ní kó ṣe é?"

"Ẹni tó ń ta ọtí ni."

"Ẹ gbọ́," ó ní, ó wá kọjú sí Teruhiko fúnra rẹ̀. "Tí ẹ bá ń gun òkè, iṣan ń súnkì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, iṣan fẹ́ súnkì, ẹrù ń fà á gùn. Ìgbà yẹn ni awọ rẹ̀ ń ya jù. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ń dí, kò burú, ara á ro ó, á sàn, á tún le sí i. Tiyín kò ní le sí i. Èyí tó ya ti lọ nìyẹn. Kò sí oògùn rẹ̀ báyìí. Mi ò lè ṣèlérí pé ẹ ò ní jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ má fi ọwọ́ ara yín ya á."

A wọ mọ́tò, a wà á títí a fi rí òkun. Mo bi Teruhiko.

"Ọdún ìkórè ń bọ̀. Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Àyè bàbá mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo máa sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo máa wá fi sílẹ̀."

"Bàbá rẹ ti kú, kò nílò ẹsẹ̀ mọ́. Ìwọ ṣì nílò tìẹ. Kí lẹ̀ẹ̀kan péré yẹn máa ná ọ? Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ tó kù láti fi dé ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Ṣé Nagura ló máa gbé ọ lọ?"

Mitsue ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," pẹ̀lú ohùn tó fi yé mi pé kí n dákẹ́. Mo dákẹ́. Mo ti sọ iye tí ọjà jẹ́, ẹni tó fẹ́ rà á ló kù.

Teruhiko lọ bá Nagura fúnra rẹ̀, ó ṣàlàyé. Mo tẹ̀ lé e, torí mi ò fọkàn tán ẹnu Nagura. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀.

"Sẹ́ẹ̀lì!" ó ní. "Bàbá rẹ kò ní sẹ́ẹ̀lì, ó sì gbé òrìṣà títí ó fi kú."

"Bàbá mi ní i, Olórí. Gbogbo wa la ní i."

"Èmi ò ní! Awọ wo ló sì ya? Gbé ṣòkòtò sókè ká rí i. Ẹ̀jẹ̀ dà? Egbò dà?"

"Kò ṣeé fojú rí."

"Hẹn-ẹn. Àìsàn tí kò ṣeé fojú rí. Èmi náà máa ń ní irú rẹ̀ bí ìyàwó mi bá ní kí n gbálẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi bóyá màá bá a rẹ́rìn-ín. Mo wo ìgò ọtí rẹ̀. Ó wá le ojú. "Gbọ́, Teru. Bí o bá fẹ́ fi ọ̀pá sílẹ̀, o mọ òfin. A kì í fi í ránṣẹ́. O máa wá dúró síbi ọ̀pá ní ọjọ́ ọdún, lójú òrìṣà, lójú gbogbo ìlú, o máa bọ́ ẹ̀wù ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ wọ̀, o máa gbé e fún mi. Pátákó ilé yín á sì kúrò lára ògiri. Ṣé o lè ṣe é?"

Ibi tí Nagura fẹ́ kí òfin náà dúró sí ló dá a dúró sí. Ó gbàgbọ́ pé ìtìjú á gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ bí orúnkún rẹ̀ kò bá lè gbé e. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń rí pẹ̀lú wa? A lè fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tọrọ iyì, kò ná wa ní nǹkan kan.

Ọjọ́ ọdún pé. Mo fi mọ́tò mi gbé Teruhiko gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé ojúbọ, Mitsue jókòó sẹ́yìn. Mi ò bi í ohun tó fẹ́ ṣe, torí òun náà kò mọ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ti wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ aláwọ̀ aró, ó ti so aṣọ mọ́ orí. Míkóṣì wà lórí ẹsẹ̀ igi níwájú ojúbọ, wúrà ń kọ mànà, àtẹ̀gùn sì là lọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ títí dé òkun. Àwọn ọkùnrin dúró síbi ọ̀pá wọn. Teruhiko lọ síwájú, apá òsì, ó gbé ọwọ́ lé igi. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo àtẹ̀gùn. Mitsue ń wò ó.

Nagura fọn fèrè. Èjìká gbogbo wọ abẹ́ ọ̀pá. Ti Teruhiko kò wọlé.

"Teru! Èjìká!"

Teruhiko tú okùn ẹ̀wù rẹ̀. Ó bọ́ ọ. Ó ká a ní mẹ́rin lórí itan rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ká a, láìyára, ó sì gbé e lọ fún Nagura pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ilé Isogai ti kúrò lábẹ́ ọ̀pá," ó ní. "Ẹ ṣeun tí ẹ gbà wá láàyè."

"Ojo!" Nagura ké. "Bàbá rẹ á máa sunkún nínú sàréè!"

"Bó bá ń sunkún, Olórí, ẹ jẹ́ kó sunkún. Èmi ni mo fẹ́ rìn."

Ìgbà yìí ni àlùfáà ojúbọ, arúgbó tí ọ̀pọ̀ rò pé kò gbọ́ràn mọ́, tú ìyókù òfin náà jáde, èyí tí Nagura kò sọ. Àwọn àgbà ìgbàanì, ó ní, mọ irú ènìyàn tí olórí lè jẹ́, nítorí náà wọ́n ní: àyè tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi sílẹ̀ lójú òrìṣà, olórí ni yóò wọ abẹ́ rẹ̀ títí míkóṣì yóò fi kan iyanrìn. "Olórí Nagura," ó ní pẹ̀lẹ́, "òrìṣà ń dúró."

Ẹ ò rí ojú ọkùnrin náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ṣe ọkàn gírí, Olórí!" Ẹ̀rín bú jáde débi tí òrìṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kúrò lórí igi. Ó gbé fèrè fún ẹlòmíràn, ó wọ abẹ́ ọ̀pá, iwájú, apá òsì.

Àwa gba ọ̀nà ẹ̀yìn. A dé etí òkun ṣáájú wọn, a ra ìrẹsì dídì, a jẹ ẹ́, a wẹ̀yìn, a rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Ojú Nagura ti pọ́n bíi ti ẹja tí wọ́n se. Orúnkún rẹ̀ ń jó ijó tí kò sẹ́ni tó lùlù rẹ̀. Nígbà tí míkóṣì kan iyanrìn, òun náà kan iyanrìn, ó sì ní kí wọ́n má fọwọ́ kan òun. Teruhiko kò rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, Nagura kò lè jókòó, bó bá sì jókòó, kò lè dìde. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fà á kúrò nílé ìgbẹ́ bí ẹni ń fa ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ó ké sí àwọn aládùúgbò pé ó ti parí fún òun, itan òun ti fà ya. Òótọ́ ló sọ, kò sì mọ̀. Ó ti fà ya ní ibi tí kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tó ń pariwo, àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí kò gbà pé òun ní ti sáré dé ẹnu ihò, wọ́n ti lẹ̀, wọ́n ti dí i fún un, láìgba kọ́bọ̀, láìgba ẹ ṣeun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ń rìn kiri, ohùn ńlá rẹ̀ sì ti padà.

Wọ́n yọ pátákó Isogai kúrò lára ògiri. Mitsue ló lọ gbà á, ó fi ṣe ìdérí àpótí ìrẹsì. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ gbé Teruhiko kúrò lórí àtẹ̀gùn, wọ́n fi í sẹ́nu tábìlì ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, ó jókòó, ó ń fi òǹtẹ̀ lu nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ẹgbẹ́ yẹn kì í kí i. Wọ́n á na ẹrù sí i, wọ́n á wo ògiri. Èmi ò mọ iye tí wọ́n rò pé ìkíni wọn jẹ́.

Mo wà lórí ìlà lọ́jọ́ tí Nagura wọlé tòun ti ìgò ọtí méjì tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àna rẹ̀. Ó rìn wọlé gìrìgìrì kí gbogbo ènìyàn lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Teru, o rí mi? Èmi náà rora. Èmi náà kò lè dìde. Mo sùn, mo jẹun, mo ṣe ọkàn gírí, mo ti dìde. Tó o bá fẹ́ pátákó yẹn padà, ọdún ń bọ̀."

Teruhiko gbé ìgò náà lé òṣùwọ̀n, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

"Tiyín dí, Olórí," ó ní. "Tèmi kì í dí."

"Kí ni kò dí?"

Teruhiko lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹrù náà, ó wo ẹni tó wà lẹ́yìn Nagura.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú, Ẹ̀gbọ́n Sakae."